Ẹ Wo Ẹni Tó Ń Tà Á Kí Ẹ Tó Wo Ilé

Ilé àkọ́kọ́ tí èmi àti ìyàwó mi fẹ́ rà ní Ìbàdàn, aṣọ ni wọ́n sá sí ara ògiri ọgbà rẹ̀ lọ́jọ́ tí alágbàtà mú wa débẹ̀. Ankárá méjì, ìbora kan àti aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọdé ni, wọ́n sì tò wọ́n láti ìkángun ògiri náà títí dé ẹ̀gbẹ́ géètì. A kò fura. Ilé náà wù wá: yàrá mẹ́ta, pálọ̀ tó gbòòrò, kànga nínú ọgbà, àti igi máńgòrò kan lẹ́yìn ilé ìdáná tí ọmọ wa obìnrin ti ń bèèrè bóyá òun lè gùn. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bí a ti ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, ìyàwó mi ní kí a gba ọ̀nà ibẹ̀ kọjá kí òun lè tún ilé náà rí. Kò sí aṣọ lára ògiri mọ́. Ohun tí a rí ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ní lẹ́tà gàdàgbà gadagba: ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ. Ẹ ṢỌ́RA FÚN 419.

Gbogbo ẹni tó ń gbé ní ilẹ̀ Yorùbá ti rí irú àkọlé bẹ́ẹ̀ rí, a sì máa ń kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni. Láti ìgbà tí a ti wá rí ilé tiwa rà, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́ a máa wá bá mi pé kí n gba àwọn nímọ̀ràn. Wọn a bi mí ní àdúgbò tó dára, wọn a bi mí ní iye tí wọ́n ń ta ilé ní Akóbọ̀ tàbí ní Ológuneérú, wọn a bi mí bóyá kí àwọn ra bọ́ńgálò tàbí kí àwọn dúró kí owó tó ka pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bi mí nípa ẹni tó ń ta ilé. Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ti ilé rírà, ẹni tó ń tà á ni mo máa ń ní kí ènìyàn kọ́kọ́ wò kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka yàrá.

Ọ̀gbẹ́ni tó fẹ́ ta ilé onímáńgòrò yẹn fún wa ni ọmọ kejì nínú ọmọ mẹ́fà. Bàbá wọn tó kọ́ ilé náà ti kú láti bí ọdún mẹ́jọ, kò kọ ìwé ìhágún, ìyàwó méjì ni ó sì fi sílẹ̀. Ọkùnrin náà ni ó ń gbé inú ilé, òun ni ó ń tún un ṣe, òun ni ó ń san owó iná, gbogbo ìwé ilé sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà ó ti gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé tòun ni. Èmi kò pè é ní olè. Bóyá òun ni ó ní kí wọ́n sá aṣọ sórí àkọlé yẹn, bóyá alágbàtà ni, kò yé mi títí di òní. Ohun tó yé mi ni pé níní ìwé ilé lọ́wọ́ yàtọ̀ sí níní àṣẹ láti tà á.

Lábẹ́ àṣà wa, nígbà tí bàbá bá kú láìkọ ìwé ìhágún, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀. Dáódù, ìyẹn àgbà ọmọ, ni yóò máa bójú tó o gẹ́gẹ́ bí olórí ẹbí, ṣùgbọ́n òun náà kò lè dá a tà. Àwọn kóòtù wa ti fìdí èyí múlẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: bí ọmọ ẹbí kan bá ta dúkìá ẹbí láìjẹ́ pé olórí ẹbí fọwọ́ sí i, títà náà kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ rárá, bí olórí ẹbí ni ó bá sì tà á láìfi ọ̀rọ̀ lọ àwọn aṣáájú ẹbí yòókù, àwọn yẹn lè lọ sí kóòtù, kóòtù sì lè fagi lé e. Ẹjọ́ kan wà tí àwọn agbẹjọ́rò kì í gbàgbé, ẹjọ́ Dawodu àti Danmole. Suberu Dawodu kú láìkọ ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó 4 àti ọmọ 9 sílẹ̀, ìjà sì bẹ́ sílẹ̀ lórí bí wọn yóò ṣe pín ohun tó fi sílẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ adájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀n, tí wọ́n dá a ní 1962 pé ìdí-igi, ìyẹn kí a pín ogún ní iye ìyàwó, ni àṣà tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwa Yorùbá, àti pé bí àríyànjiyàn bá wà lórí bóyá kí wọ́n lo ìdí-igi tàbí orí-ò-jorí, ìyẹn kí a pín in ní iye ọmọ, olórí ẹbí ni yóò yan èyí tí wọn yóò lò. Ẹ wá wò ó. Bí àwọn ọmọ bàbá kan náà bá lè gbé ara wọn dé Lọ́ńdọ̀n lórí ogún, kí ni wọn kò lè ṣe fún àjèjì tó ra ilé lọ́wọ́ ẹyọ ọ̀kan nínú wọn?

Lẹ́yìn tí a rí àkọlé yẹn, ìyàwó mi bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ó lọ ra àkàrà lọ́wọ́ ìyá kan tó ń dín in ní ọ̀kánkán ilé náà. Kò bèèrè ọ̀rọ̀ ilé. Ó kí ìyá náà, ó bá a sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ̀wà ṣe wọ́n, ó sì ní àwọn ń wá ilé sí àdúgbò yẹn. Ìyá náà fi ọ̀pá ìdínkàrà tọ́ka sí géètì, ó ní, "Ṣé èyí náà ni? Ẹ̀yin ni ẹni kẹta lọ́dún yìí o, ọmọ mi. Ẹni àkọ́kọ́ ṣì ń bá wọn rìn ní kóòtù." Àkàrà igba náírà ni ó gbà wá lọ́wọ́ wàhálà tí n kò lè díye lé.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ ni pé kí ẹ padà lọ sí ibi ilé náà láìmú alágbàtà dání, lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀sán àti lẹ́ẹ̀kan ní alẹ́. Kí ẹ lọ kí alága ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò náà, kí ẹ sì bá ìyá aláta tàbí fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ títì sọ̀rọ̀. Kí ẹ bèèrè pé ta ni ó kọ́ ilé náà, ṣé ẹni náà ṣì wà láàyè, ọmọ mélòó ni ó bí, níbo ni wọ́n wà. Bí ẹni tó kọ́ ọ bá ti kú, ìwé tí ẹ gbọ́dọ̀ rí ni ìwé ìhágún tí ilé ẹjọ́ ti fọwọ́ sí, tàbí bí kò bá kọ ìhágún, ìwé àṣẹ àbójútó ogún tí ilé ẹjọ́ gíga fún àwọn ọmọ, kí ẹ sì rí i pé gbogbo orúkọ tó wà nínú rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí títà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, pé kí ẹ má da ara yín láàmú, ó ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí níhìn-ín, nítorí ó wà lára ohun tó mú kí a pẹ́. Inú bàbá mi kò dùn nígbà tí mo ní ilé rírà ni a ń wá. Ní ojú àwọn bàbá wa, ọkùnrin a máa kọ́lé ni, kì í ra ilé. Wọ́n á ní ilé tí ẹlòmíràn kọ́ fún ìyàwó rẹ̀ ni o kó ìyàwó tìrẹ lọ síbẹ̀. Èmi kò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ojú ẹ̀gbọ́n mi tó fi ọdún mọ́kànlá kọ́ ilé, tí páànù àkọ́kọ́ ti ń jẹrà kí wọ́n tó ri àlẹ̀mọ́ sí yàrá, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga kí wọ́n tó kó wọlé. Ilé tí a fẹ́ kí àwọn ọmọ dàgbà sí ni a ń wá, kì í ṣe èyí tí wọn yóò máa wá kí wa nínú rẹ̀.

Ilé tí a wá rà, ilé òkú ọ̀run ni òun náà. Ọkùnrin kan tó ti jẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́ ọ, ó sì kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ti gba ìwé àṣẹ àbójútó ogún, wọ́n sì fi ẹnu kò láti tà á nítorí pé kò sí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ mọ́ bí kò ṣe ìyá wọn, tí dáódù fẹ́ mú lọ sọ́dọ̀ ara rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà wà ní Lọ́ńdọ̀n. Ìwé àṣẹ tó fi yọ̀ǹda fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti fọwọ́ sí i ní orúkọ rẹ̀ ni ó fi ránṣẹ́, ó ti fọwọ́ sí i níbẹ̀ níwájú notary, ìyẹn agbẹjọ́rò tó ní àṣẹ láti jẹ́rìí sí ìwé, agbẹjọ́rò wa sì tún ní kí a pè é lórí WhatsApp kí a lè rí ojú rẹ̀ kí ó sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣejù ni. Agbẹjọ́rò náà wò mí, ó ní iye ẹjọ́ tí òun ti rí tí ọmọ òkè òkun délé tó ní òun kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ kò ṣe é kà.

Ọjọ́ tí a fọwọ́ sí ìwé, inú pálọ̀ ilé náà gan-an ni a jókòó sí. Ìyá náà kò mọ̀wé. Lábẹ́ àṣà, opó kì í jogún ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ sì lè ní kò yẹ kí ó fọwọ́ sí ohunkóhun, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò wa ní ìyá tó ń gbé inú ilé kò ní wà níta nígbà tí wọ́n ń ta ilé lé e lórí. Ó ka ìwé náà fún un láti òkè dé ilẹ̀ ní èdè Yorùbá, ó ń dúró níbi gbogbo tí ìyá bá ti gbé ojú sókè, ó sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà pé a kà á fún un, a túmọ̀ rẹ̀, ó sì yé e kí ó tó tẹ̀ka. Ìyá fi àtàǹpàkò sínú páàdì íǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, ó sì gbé ìka náà sókè, ó ń wò ó. Ó ní, "Orí mi yìí ni mo fi ru omi tí wọ́n fi po búlọ́ọ̀kù ilé yìí." Gbogbo wa dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ó lò ó pẹ́." Ọmọ rẹ̀ obìnrin nu ìka rẹ̀ fún un.

Ó ní kí a fún òun ní oṣù mẹ́ta kí òun fi palẹ̀ ẹrù mọ́, a sì kọ ọjọ́ tí ilé yóò ṣófo sínú àdéhùn, a mú ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà dúró títí di ọjọ́ tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́. Èyí tó kù, a kò gbé e sínú àpò kankan, kò sí ẹnikẹ́ni tó kà á lórí tábìlì. Ilé ìfowópamọ́ ni a ti fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì tí wọ́n ṣí ní orúkọ ogún náà, a sì kọ ohun tí owó wà fún sí ara rẹ̀. Bí ayálégbé bá wà nínú ilé tí ẹ fẹ́ rà, kí ẹ mọ̀ pé ẹ kò lè lé wọn jáde ní ọjọ́ kejì: bí àdéhùn wọn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á yanjú èyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ní ti ìwé. Láti ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 tí ìjọba ológun ti ṣe Òfin Ìlò Ilẹ̀, gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ kan ti di ohun tí gómìnà ń bójú tó fún àwọn ará ìlú, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa sì ní ni ẹ̀tọ́ láti lò ó. C of O (Certificate of Occupancy) ni ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ yẹn. Ọdún 99 ni wọ́n sábà máa ń fún ni nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í ka iye tó kù: tiwa ti wà láti 1988, nítorí náà 2087 ni yóò pé. Nígbà tí ilé bá ti ní C of O, òfin yẹn kan náà sọ ní abala 22 pé ẹni tó ni ín kò lè tà á láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí ilé tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta tí orúkọ òkú ṣì wà lórí ìwé rẹ̀. Wọ́n ń rà á, wọ́n ń tà á, kò sí ẹni tó lọ gba ìyọ̀ǹda. Agbẹjọ́rò wa lọ sí Agodi, níbi tí àkọsílẹ̀ ilẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wà, láti yẹ fáìlì ilé náà wò kí a tó san kọ́bọ̀. Ohun tó lọ wá ni bóyá orúkọ tó wà níbẹ̀ bá ti orí ìwé mu, bóyá wọ́n ti fi ilé náà dúró fún gbèsè ní báńkì, bóyá ẹnìkan ti kọ̀wé síbẹ̀ pé kí wọ́n má tà á. Agbẹjọ́rò yín ni kí ó lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, bí ó ti wù kí ó jẹ́ èèyàn dáadáa tó.

Awọnlẹ̀ tiwa náà lọ. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dé, ó wá àwọn òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀, ó ka nọ́ńbà orí wọn, ó sì fi wé èyí tó wà nínú ìwé ìwọnlẹ̀. Mẹ́ta pé. Ẹ̀kẹrin wà lẹ́yìn ògiri ọgbà, lọ́dọ̀ aládùúgbò. Ìyẹn ni pé ògiri ti wọ inú ilẹ̀ tiwa ní bí ẹsẹ̀ bàtà méjì. A jókòó pẹ̀lú aládùúgbò náà, a sì kọ ọ́ sílẹ̀, kò sì sí ìjà. Ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 ni, bí wọ́n ti sábà máa ń gé e ní Ìbàdàn, ẹsẹ̀ bàtà méjì kì í sì í ṣe ohun kékeré níbẹ̀. Awọnlẹ̀ náà ni yóò tún sọ fún yín bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú èyí tí ìjọba ti gbà fún ojú ọ̀nà tàbí fún iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé lọ́nà Èkó, ẹ ó gbọ́ excision àti gazette títí etí yín yóò fi kún. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ìjọba ti dá apá kan nínú ilẹ̀ tí ó gbà padà fún ìdílé tó ni ín, ó sì ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹ ní kí wọ́n fi ojú ìwé tí orúkọ abúlé náà wà hàn yín, kí awọnlẹ̀ yín sì fi ojú ilẹ̀ wé e. Èkó ti ní òfin tó lòdì sí àwọn ajagungbalẹ̀ láti 2016, ṣùgbọ́n òfin kì í bá ènìyàn sùn sínú ilé.

Mo ti pẹ́ lórí ìwé, n kò sì tíì sọ̀rọ̀ ilé fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo lè sọ tí ó ṣe pàtàkì ju ìyókù lọ: ẹ má ra ilé tí ẹ kò rí nínú òjò. Àwọn alágbàtà fẹ́ràn oṣù kìíní àti oṣù kejì, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, tí eruku bo gbogbo àṣírí. Ìbàdàn kò gbọ́dọ̀ gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, èyí tó gbé ilé àti ènìyàn lọ, bẹ́ẹ̀ ni ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, tí ẹ̀mí tó lé ní ọgọ́rùn-ún bá a lọ, tí afárá wó káàkiri ìlú. Oṣù kẹjọ ni méjèèjì. Ilé kan wà tí a wò nínú ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ún. Ṣùgbọ́n ọ̀dà tuntun náà kò kọjá ìbàdí, láti ibẹ̀ dé òkè ọ̀dà àtijọ́ ni. Ìyàwó mi fi èékánná ha á. Lábẹ́ rẹ̀ ni a ti rí ìlà àwọ̀ ilẹ̀ tó lọ gbọọrọ yí gbogbo yàrá po, bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n. Ibi tí omi dé nìyẹn.

Ẹ mú bíríkìlà tí ẹ mọ̀ dání, kí ó sọ fún yín èwo nínú ibi tó sán lára ògiri ni ti àlẹ̀mọ́ lásán àti èwo ni ó ti ìpìlẹ̀ wá; èyí tó bá gba igun fèrèsé dé ilẹ̀ ní ìdábùú, kí ó wò ó dáadáa. Ẹ wo bí kànga ṣe jìnnà sí sókàwéè tó, ti ẹ̀yin àti ti aládùúgbò, kí ẹ sì bèèrè bóyá kànga náà a máa gbẹ ní oṣù kẹta. Ẹ gun àjà wo igi òrùlé. Ẹ tan gbogbo iná, ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi. Ẹ bèèrè gbèsè iná tí ilé náà jẹ, nítorí àwọn oníná a máa wá bá ẹni tó bá wà nínú ilé ni. Kí ẹ sì mọ ohun tí àwọn aládùúgbò ń ṣe. Kò sí ìwé tí àwọn onílé Bódìjà ní Ìbàdàn ìbá yẹ̀ wò tí ìbá sọ fún wọn pé ohun abúgbàù wà nínú ilé kan ládùúgbò, títí ó fi bú gbàmù ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2024, tí ilé tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì wó.

Lórí owó, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀, nítorí kálukú ló mọ ìwọ̀n àpò rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ mi ni ó yá mi ní èyí tó pọ̀ jù. A máa ń yá ènìyàn ní ìlọ́po méjì ohun tó ti fi pamọ́, mo sì ti ń fi pamọ́ síbẹ̀ láti ìgbà tí n kò tíì gbéyàwó. Ìyàwó mi jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì ti ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ lóṣooṣù fún NHF, ètò owó ilé tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1992. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni wọ́n ń yọ owó yìí lọ́wọ́ wọn tí wọn kò mọ̀ pé wọ́n lè fi yá owó ilé, ní èlé ìdá 6 nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọn yóò sì máa san án fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó ṣòro níbẹ̀ ni pé ilé tí ìwé rẹ̀ kò mọ́ kò ṣe é fi gba owó náà, èyí tó tún dá wa padà sí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ẹ má sì ná gbogbo owó yín sórí iye ilé. Owó agbẹjọ́rò, ti alágbàtà, ti awọnlẹ̀, owó ìyọ̀ǹda, owó tí ẹgbẹ́ àwọn onílé yóò gbà, géètì tí kò tì dáadáa: nígbà tí a kó gbogbo rẹ̀ jọ, orí ilẹ̀ lásán ni a sùn fún oṣù méjì nítorí a kò rówó ra bẹ́ẹ̀dì fún yàrá kejì.

Ìyókù tó kù ni ọ̀rọ̀ orúkọ. Nígbà tí agbẹjọ́rò bi wá pé orúkọ ta ni kí òun kọ sí ìwé, mo ti la ẹnu láti sọ tèmi, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ti ń ṣe é. Mo wá rántí ìyá tó tẹ̀ka. Ó ru omi búlọ́ọ̀kù, kò sì sí orúkọ rẹ̀ níbikíbi lórí ilé náà àfi ní ọjọ́ tí wọ́n tà á. Orúkọ àwa méjèèjì ni a kọ, a sì ní kí wọ́n kọ ọ́ yanjú pé bí ọ̀kan bá kú, ti ẹni tó kù ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbọ́, ó pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní ṣé wọ́n ti fún mi ní nǹkan jẹ ni. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní wọ́n fún mi, ẹ̀bà ni. Àwa méjèèjì ni a sì kọ ìwé ìhágún lọ́dún yẹn, èyí tí bàbá mi kà sí ohun tí kò yẹ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún márùndínláàádọ́ta máa sọ lẹ́nu. Ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ agbẹjọ́rò, ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ àbúrò ìyàwó mi ní Ilé-Ifẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà gbogbo ìwé ilé.

Ohun kan ṣì kù tí a kò tíì parí. Ìyọ̀ǹda gómìnà kò tíì jáde, àwa ni a sì fà á: wọ́n ń bèèrè ìwé ẹ̀rí owó orí ti ọdún mẹ́ta, tèmi pé, ṣùgbọ́n a kò fi ti ìyàwó mi sí i nígbà tí a kó ìwé lọ, a sì ti gbàgbé pé orúkọ méjì ni ó wà lórí ìwé náà. Ìyàwó mi ti gba tirẹ̀ báyìí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni a jọ ń lọ.